Ọ̀bẹ Ìyá Mi àti Ọjọ́ Ìbí Méjì

Ọjọ́bọ̀ ni, agogo mẹ́ta ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn wa. Aago ara ẹ̀rọ ìdáná ni mo wò, nítorí n kì í gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ òru ni ìyá mi ti dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, oorun kò sì tíì tó wọn, síbẹ̀ wọ́n ti jí, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ń ṣọ́ títì. Ní Becontree, àdúgbò wa ní ìlú òyìnbó yìí, ilé jọ ilé débi pé àwọn tó ń kó ẹrù kiri sábà máa ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kí wọ́n tó kan tiwa. Ìyá mi kò fẹ́ kí èyí ṣìnà. Kí ọkọ̀ akẹ́rù náà tó dúró tán, wọ́n ti dìde, wọ́n ti mú láísẹ́ńsì ìwakọ̀ wọn dání.

Ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà tó ẹni ọgbọ̀n ọdún lójú mi. Ó gbé páálí gígùn kan há abíyá, ó sì fi ọwọ́ kejì di ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ka àmì ara ẹrù mú. Ó kọ́kọ́ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kí wa. Ó wo orúkọ tó wà lára páálí, ó wò wá, ó sì yí sí Yorùbá.

"Ẹ káàsán, Mọ́mì. Ọ̀bẹ ló wà nínú èyí o. Mo ní láti rí káàdì yín kí n tó lè gbé e sílẹ̀."

Ìyá mi na káàdì sí i. Ó wo àwòrán, ó wo ojú wọn, ó mi orí, ó wá tẹ ọjọ́ ìbí tó wà lára káàdì sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà dún lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ pupa sì bo ojú rẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Pupa náà ló tún yọ. Ó yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi kí n fúnra mi kà á: ọjọ́ tó wà lára káàdì kò bá èyí tí olùrajà kọ sílẹ̀ mu.

"Mọ́mì, ọjọ́ wo ni ẹ kọ nígbà tí ẹ ń rà á?"

"Ọjọ́ tí wọ́n bí mi."

"Èyí tó wà lára káàdì yìí wá ńkọ́?"

"Ìyẹn, ọjọ́ ti ìwé nìyẹn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Ẹ̀rín ẹni tí irú rẹ̀ wà nílé tirẹ̀ ni. "Orí kan, ọjọ́ orí méjì. Kò burú. Bàbá tèmi ní mẹ́ta." Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé bó ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn náà ló ń fún páálí mọ́ra.

Mo gbìyànjú láti bá a rò ó. Mo ní kí ó wò ó dáadáa: bóyá ọjọ́ ti ìwé ni ó gbà o, bóyá èkejì ni, kò sí èyí tí kò fi hàn pé obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ ti kọjá ọdún méjìdínlógún tipẹ́tipẹ́, ọjọ́ orí tí òfin sì ń bèèrè kò ju ìyẹn lọ. Ó gbà pẹ̀lú mi pátápátá. Ó ní ojú òun rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní ojú. Ṣọ́ọ̀bù tó ta ọ̀bẹ náà ló ní kí ọ̀rọ̀ méjèèjì bára mu, pé ẹni tó rà á gan-an ni kí ó gbà á. Bí òun bá fi ọgbọ́n kan kọjá ibẹ̀, iṣẹ́ òun ni òun fi ń ṣeré, nítorí wọ́n a máa rán àwọn ènìyàn jáde láti dán irú àwọn wò. Ó ní òun máa padà wá ní Sátidé. Bí ẹ̀rọ bá tún kọ̀ ní ọjọ́ náà, ẹrù ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á nìyẹn.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì."

Ìyá mi ní àwọn kò bínú. Wọ́n gba káàdì wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n lọ jókòó sí ibi tí wọ́n jókòó sí tẹ́lẹ̀.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, agogo mẹ́jọ àárọ̀, ilé ìdáná kan ní Barking Riverside ń retí ìyá mi. Ilé ìdáná náà ló ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọ́fíìsì. Wọ́n fẹ́ dán ìyá mi wò fún odidi ọjọ́ kan, kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n máa gbà wọ́n. Láti ìgbà tí a ti kó wá láti gúúsù ìlú ni ìyá mi ti ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Wọ́n fi ọ̀sán tó yẹ kí wọ́n fi sùn lọ kọ́ oúnjẹ sísè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ẹ̀bùn kan kún un: kí wọ́n lọ mú ohun èlò kan ní ṣọ́ọ̀bù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń bá ra ọjà. Ọ̀bẹ ni ìyá mi mú, irú èyí tí àwọn tó ń fi oúnjẹ sísè ṣiṣẹ́ ń lò. Íméèlì ilé ìdáná náà sọ ọ́ kedere pé kí ẹni tí wọ́n fẹ́ dán wò mú ọ̀bẹ tirẹ̀ wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà mo rò pé ẹni tó kọ ọjọ́ náà ṣì í kọ ni, pé bóyá ìka ìyá mi yẹ̀. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní ìka àwọn kò yẹ̀ rárá.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọjọ́ ìbí méjèèjì. Nígbà tí bàbá ìyá mi mú wọn lọ sí ilé ìwé ní ìlú wọn ní Èkìtì, kò sí ìwé ìbí kankan. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kí ìka wọn kan etí òsì. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí ti tó wọlé. Èyí tí kò bá kàn án, kí ó padà sílé lọ dàgbà sí i. Ọwọ́ ìyá mi kò kàn án. Bàbá wọn kò fẹ́ mú ọmọ padà sílé. Wọ́n ní ọmọ náà ti tó, ọwọ́ rẹ̀ ló kúrú. Ọ̀gá ilé ìwé rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọmọ náà sílẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìíní ló kọ fún wọn, ó sì fi wọ́n ṣe àgbà ju bí wọ́n ṣe jẹ́ lọ, kí orúkọ wọn lè bá ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mu. Ìwé gbogbo tó wá lẹ́yìn rẹ̀, orí èyí ni wọ́n kọ́ ọ lé, títí dé láísẹ́ńsì ìwakọ̀ ti ìlú yìí.

N kò sí níbẹ̀. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ìtàn yẹn, ọmọdé sì ni àwọn náà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà, tó bí wọn, sọ fún mi lórí fóònù nígbà tí wọ́n wà láyé pé ọjọ́ ìkórè ìjọ ni àwọn bí ìyá mi, pé àwọn ń gbọ́ orin láti inú yàrá. Ìkórè kì í bọ́ sí oṣù Kìíní ní ìlú wọn. Ìyá àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé mọ̀wé, kò sì sí níbẹ̀. Bí mo bá ní láti yan ẹlẹ́rìí kan nínú àwọn méjèèjì, mo mọ ẹni tí mo máa yàn.

Ìyá mi ti gbé pẹ̀lú ọjọ́ méjèèjì láìsí wàhálà fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ìjọ ló yí i padà. Aláàdúrà ni wá. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá ń ṣe ọjọ́ ìbí á kúnlẹ̀ níwájú, wọn á sì gbàdúrà fún un. Ọjọ́ ti ìwé ni akọ̀wé ìjọ ní lọ́wọ́, nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n pe ìyá mi jáde. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gba àdúrà, wọ́n dìde. Nígbà tí a délé, wọ́n ní àdúrà náà dà bí ẹrù tí wọ́n já sí ilé ẹlòmíì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n lọ bá akọ̀wé, wọ́n ní kí ó kọ ọjọ́ ìkórè. Wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé láti ọjọ́ náà lọ, káàdì lè sọ ohun tó bá fẹ́, ẹnu àwọn kò ní pe ọjọ́ tí kì í ṣe tàwọn ní tàwọn mọ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ òótọ́ sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ náà ló sì dá ọ̀bẹ dúró.

"Mọ́mì," ni mo sọ fún wọn ní ìdáná, "ẹ̀rọ yẹn kò bèèrè ìgbà tí wọ́n bí yín. Ohun tó ń bèèrè ni bóyá ohun tí ẹ kọ bá ti káàdì mu."

"Kí ló wà lára ibi tí mo kọ ọ́ sí? Ṣebí 'ọjọ́ ìbí rẹ' ni. Mo kọ ọjọ́ ìbí mi."

Mo ti wo ojú ìwé náà fúnra mi, ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

A yẹ ọ̀nà mìíràn wò. Ọ̀bẹ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tó sún mọ́ wa, ọ̀bẹ inú ilé ni, irú èyí tí ó máa ń kúnu lẹ́yìn àpò àlùbọ́sà kan. Irú èyí tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ kọjá agbára wa ní oṣù yẹn láìsí ẹ̀bùn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo dábàá pé kí wọ́n yá ti ẹnìkan tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní àwọn kò ní fi ọ̀bẹ ọlọ́bẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo wá ní kí n pe ṣọ́ọ̀bù náà, kí n ṣe bí ẹni pé èmi ni ìyá mi, kí n pe ọjọ́ ti ìwé fún wọn, kí ọ̀rọ̀ parí. Ohùn wa jọra lórí fóònù. Àwọn ẹbí pàápàá máa ń ṣì wá mọ̀.

Ìyá mi gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kí ìwọ wá purọ́, kí èmi lè jẹ́ olóòótọ́?"

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n má rò pé òfin náà ni àwọn ń bá jà. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti ń bèèrè káàdì bẹ́ẹ̀ lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àwọn ìyá kan tí àwọn mọ̀, tí wọ́n fi ọ̀bẹ pa ọmọ wọn, ì bá má sunkún. Ọkùnrin náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. "Èmi náà máa gba ọ̀bẹ mi," ni wọ́n wí, "n kò sì ní purọ́ gbà á." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé àwọn máa lọ ra iyọ̀.

Mo wá jókòó ro ọ̀rọ̀ náà. Mo ronú pé ohun méjì ló wà tí a kì í yà sọ́tọ̀: ọjọ́ tí wọ́n bí ènìyàn, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ sára káàdì rẹ̀. Àkọ́kọ́, n kò lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ẹnikẹ́ni. Èkejì, ẹnikẹ́ni tó bá lójú lè kà á. Ìyá mi jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní pe èkejì ní àkọ́kọ́. Wọn kò jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní ka káàdì sókè. Mo sọ èyí fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ní àwọn máa rò ó mọ́jú.

Ní ọjọ́ Ẹtì, bí wọ́n ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, kí wọ́n tó bọ́ bàtà, wọ́n ní kí n pe ṣọ́ọ̀bù náà. A dúró pẹ́ lórí ìlà, orin kan náà ń lọ, ìyá mi ń ká aṣọ gbígbẹ nídìí tábìlì bí ó ṣe ń lọ. Nígbà tí obìnrin kan gbé e, mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó rà á nìkan ni òun lè bá sọ̀rọ̀. Mo fi fóònù sáàárín tábìlì kí ohùn rẹ̀ lè jáde. Ó gba orúkọ, ó gba àdírẹ́sì, ó wá bèèrè ọjọ́ ìbí.

Ìyá mi fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n wá láísẹ́ńsì wọn jáde. Obìnrin náà ní, ẹ n lẹ́ o, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀.

"Mo wà níbí. Èyí tí wọ́n kọ sára láísẹ́ńsì mi ni ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìíní." Wọ́n fi ọdún rẹ̀ kún un. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Obìnrin náà ní èyí tó wà níwájú òun yàtọ̀. Èwo ló tọ̀nà?

"Ó tọ̀nà pé èyí ni wọ́n kọ sára láísẹ́ńsì. Mo fẹ́ kí ẹ kọ èyí tó wà lára láísẹ́ńsì, torí òun ni ẹni tó ń kó ẹrù máa wò."

N kò mọ ohun tí obìnrin náà ń rò, n kò sì ní díbọ́n pé mo mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ pé ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí; ó lè jẹ́ pé ó kàn ń wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni. Ó ní kí a ya àwòrán láísẹ́ńsì náà, kí a fi ránṣẹ́ nígbà tí òun ṣì wà lórí ìlà. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti yí i padà ní ọ̀dọ̀ àwọn. Ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí pé ìyípadà náà á ti dé inú ẹ̀rọ ẹni tó ń kó ẹrù kí ó tó di Sátidé. Ilé iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.

Mo bi í bóyá ó lè bá wa pe ilé iṣẹ́ náà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ó ní rárá. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n lọ sùn, wọ́n sì sùn dáadáa. Èmi ni n kò lè jókòó jẹ́ẹ́.

Ọkùnrin náà dé ní Sátidé ṣáájú ọ̀sán. Òjò ti pa páálí náà ní igun kan. Ó kí ìyá mi, ó kí mi, ó bèèrè bóyá a ti yanjú rẹ̀. Mo sọ ohun tí a ṣe fún un, mo sì sọ fún un pé n kò mọ̀ bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

"A óò rí i báyìí, Àǹtí."

Ìyá mi na káàdì sí i. Dípò kí ó tẹ̀ ẹ́ bí ti Ọjọ́bọ̀, ó gbójú sókè. "Mọ́mì, wọ́n ní kí a máa bèèrè lẹ́nu ẹni báyìí kí a tó tẹ̀ ẹ́. Kí ni ọjọ́ ìbí yín?"

Mo rò pé ibẹ̀ ni ó máa parí sí. Mo la ẹnu láti dá sí i, ìyá mi sì gbé ọwọ́ wọn lé mi lápá.

"O mọ̀ pé méjì ni mo ní. O ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lé e lórí."

"Yẹ̀yẹ́ kọ́, Mọ́mì."

"Yẹ̀yẹ́ ni, kò sì dùn mí. Ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, o kò ní rí i lára káàdì. Ti ara káàdì ni ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìíní." Wọ́n pe ọdún rẹ̀. "Kà á, kí o rí i bóyá mo purọ́ nípa ohun tó wà níbẹ̀."

Ó kà á. Ó ka káàdì náà tọkàntọkàn, bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. "Ẹ kò purọ́," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ náà pẹ́ ju ti Ọjọ́bọ̀ lọ, tàbí ó dà bẹ́ẹ̀ lójú mi. N kò wo aago. Lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé yọ lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní kí ìyá mi fi ìka kọ orúkọ wọn sójú ẹ̀rọ, wọ́n kọ ọ́. Nígbà tó na páálí jáde, mo na ọwọ́ láti gbà á, nítorí nílé wa, ọmọ ló ń gba ẹrù lọ́wọ́ àlejò, àgbà kì í gbé e. Ọkùnrin náà fà á sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹni tó fọwọ́ sí i ni mo ń gbé e fún."

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá mi wí fún mi. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba páálí náà. Wọ́n gbàdúrà fún ọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà, pé kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lójú títì. Ó ṣe àmín, ó sáré padà sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Wọ́n lo ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà nídìí tábìlì, wọ́n ń gé àlùbọ́sà, wọ́n ń gé kárọ́ọ̀tì, kí ọwọ́ wọn lè mọ ìwúwo ọ̀bẹ náà. Ọbẹ̀ tó jáde nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé a fún àwọn aládùúgbò.

Ní ọjọ́ Ajé mo tẹ̀ lé wọn. Ọ̀bẹ náà wà nínú aṣọ tí wọ́n ká yípo rẹ̀, aṣọ náà wà nínú báàgì tí a fa síìpù rẹ̀ pa. Mo ti tẹ íméèlì ilé ìdáná náà sórí ìwé, mo fi í sínú báàgì kan náà, nítorí ẹni tó bá gbé ọ̀bẹ kọjá lójú títì ní ìlú yìí gbọ́dọ̀ lè fi ìdí rẹ̀ hàn. Ẹnikẹ́ni kò bi wá léèrè. Bọ́ọ̀sì kún, ìyá mi gbé báàgì lé itan, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú títí a fi sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn ilé gíga tuntun, níbi tí atẹ́gùn odò kì í fi ènìyàn lọ́rùn sílẹ̀.

Wọ́n ní kí n má tẹ̀ lé àwọn dé ẹnu ọ̀nà. Mo dúró lódìkejì títì. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná náà, ti ẹ̀yìn ni wọ́n ní kí wọ́n gbà, irin sì ni. Obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun alásè ṣí i, ó sọ nǹkan kan tí n kò gbọ́. Ìyá mi gbé báàgì sókè díẹ̀ láti fi hàn án. Obìnrin náà yà fún wọn. Wọ́n wọlé pẹ̀lú báàgì náà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, ilẹ̀kùn sì padé.